Kámẹ́rà Olójú Méjì: Bí Ohun Èlò Àwọn Ọlọ́lá Ṣe Di Tòkunbọ̀ Tí Apá Mẹ̀kúnnù Ká

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ilé iṣẹ́ Kodak gbé fíìmù aláwọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Gold 200 jáde ní ìwọ̀n 120, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé ó ti bá àwọn bàbá onísítúdíò àtijọ́ wọlẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2024, Pentax náà gbé kámẹ́rà tuntun jáde tó jẹ́ pé fíìmù ni ó ń lò. Àwọn tó ń ra nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe àgbàlagbà tí àárò ìgbà èwe ń sọ. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí wọ́n bí sínú ayé kọ̀ǹpútà àti fóònù, tí wọ́n fẹ́ kí àwòrán kan tún ní ìwúwo lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti fi fíìmù kékeré ya fọ́tò fún ìgbà díẹ̀, ojú wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ fíìmù ńlá, ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀lé e ni pé: èwo nínú àwọn kámẹ́rà àlòkù tó ń lo fíìmù 120 ni apá ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lè ká?

Ìbéèrè ọjà ni, ṣùgbọ́n inú ìtàn ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Iye tí wọ́n ń pe kámẹ́rà kan lónìí, àrùn tó ń bá a jà, ìdí tí òmíràn fi pọ̀ bí eṣú nígbà tí òmíràn ṣọ̀wọ́n bí ojú, gbogbo rẹ̀ ló ní orírun. Ẹni tí kò bá mọ orírun náà, owó ara rẹ̀ ni yóò fi kọ́gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní 120. Fíìmù ni, ó fẹ̀ díẹ̀ ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ, wọ́n ká a mọ́ igi kékeré kan pẹ̀lú bébà dúdú tí kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sẹ́yìn bébà náà kí ẹni tó ń yà á lè mọ iye tó ti yà. Iye 120 yẹn kò wọn ohun kankan. Nọ́ńbà lásán ni, bí Kodak ṣe ń to fíìmù rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn nínú ìwé ọjà. Ọdún 1901 ni wọ́n gbé e jáde. Kámẹ́rà ló ń pinnu iye fọ́tò tí yóò ti inú fíìmù kan jáde: mẹ́jọ bí àwòrán bá jẹ́ mẹ́fà ní mẹ́sàn-án, mẹ́wàá bó bá jẹ́ mẹ́fà ní méje, méjìlá bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, mẹ́rìndínlógún bó bá jẹ́ ìwọ̀n tó kéré jù nínú wọn. Àwòrán onígun mẹ́rin dọ́gba yìí fẹ̀ ju ti fíìmù kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ àti díẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ ti wá: awọ ara, ìṣẹ́po aṣọ òkè, irun tí wọ́n fi òwú dì, gbogbo rẹ̀ a hàn kedere láìsí pé èèyàn fipá fa àwòrán náà gùn.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ohun èlò mẹ̀kúnnù ni fíìmù yìí nígbà tí wọ́n bí i. Ní ọdún 1900, Kodak gbé kámẹ́rà páálí kan jáde, wọ́n pè é ní Brownie, dọ́là kan péré ni wọ́n ń tà á, àwọn ọmọdé sì ni wọ́n ń polówó rẹ̀ fún. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Brownie kejì dé ní dọ́là méjì, òun ni wọ́n ṣe fíìmù 120 fún. Fíìmù tí àwọn ènìyàn ń wò lónìí bí ohun èlò àwọn àgbà ọ̀jẹ̀, inú páálí ọmọdé ló ti kọ́kọ́ ríran. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ náà ló sọ J. D. 'Okhai Ojeikere di onífọ́tò. Ọdún 1950 ló ra Brownie D tirẹ̀, kámẹ́rà tí kò ní iná fíláàṣì, ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kan ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Láti ibẹ̀ ló ti dé yàrá òkùnkùn ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn lọ́dún 1954, tó dé tẹlifíṣọ̀n ìwọ̀ oòrùn lọ́dún 1961, kó tó wá di ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ní ọdún 1968, iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan àwòrán. Nígbà tí wọ́n ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní Venice lọ́dún 2013, kò tó ọdún kan mọ́ tó kù kó jáde láyé.

Ìkìlọ̀ kan wà nínú ọ̀rọ̀ Brownie yìí fún ẹni tó fẹ́ ra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, Kodak mú fíìmù 120 kan náà, ó ká a mọ́ igi tó tín-ín-rín, ó sì pè é ní 620, kí ẹni tó bá ra kámẹ́rà rẹ̀ má baà lè ra fíìmù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọgbọ́n àrékérekè oníṣòwò ni. Wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe 620 ní ọdún 1995, ṣùgbọ́n àwọn kámẹ́rà náà ṣì wà lọ́jà, wọ́n lẹ́wà, wọ́n sì dín lówó. Ẹni tó bá ra ọ̀kan gbọ́dọ̀ múra tán láti máa wọ inú òkùnkùn lọ tú fíìmù 120 kúrò lórí igi rẹ̀, kó sì tún un ká mọ́ igi 620 kó tó lè lò ó. Ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣe é. Ẹni tí kò ní, kó yẹra.

Ilẹ̀ Jámánì ni kámẹ́rà tó jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ wa ti wá. Ní ìlú Braunschweig, Paul Franke àti Reinhold Heidecke dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1920, wọ́n sì gbé Rolleiflex jáde ní 1929. Ojú méjì ni kámẹ́rà yìí ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Dígí kan dà gẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ojú òkè, ó ń gbé àwòrán ohun tó wà níwájú sórí gíláàsì kan ní àtàrí kámẹ́rà, ibẹ̀ ni onífọ́tò ti ń tẹjú wò ó. Ẹ̀yìn ojú ìsàlẹ̀ ni fíìmù wà. Àwa tí a mọ ìtàn ìbejì kò nílò àlàyé púpọ̀: ojú òkè ni Táyé, òun ló kọ́kọ́ yọjú lọ tọ́ ayé wò, ojú ìsàlẹ̀ ni Kẹ́hìndé, ó dúró títí iṣẹ́ fi dé bá a, òun gan-an ló sì gbé ọ̀rọ̀ náà sára. Wọn kò rí bákan náà tán. Bí ẹni tí à ń yà bá sún mọ́ wa jù, ohun tí Táyé rí ní òkè lè bọ́ mọ́ Kẹ́hìndé lójú nísàlẹ̀, irú èyí ló sì máa ń gé ṣóńṣó gèlè ìyá ìyàwó kúrò nínú fọ́tò.

Kámẹ́rà olójú méjì yìí kò nílò bátìrì. Sípíríǹgì ló ń ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kékeré tó sì ń tì í, ìró rẹ̀ kò sì ju kí èèyàn fi ahọ́n lu àjà ẹnu lọ. Ìgbáyà tàbí ikùn ni wọ́n ń gbé e sí, èyí sì mú kí onífọ́tò máa tẹrí ba níwájú ẹni tó ń yà. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn ará Braunschweig ro èyí rárá, ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa níbi tí ọmọdé kì í ti í na ohunkóhun sí ojú àgbà, ìtẹríba yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Baálẹ̀ tó jókòó sórí àga pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí eékún, orí ni ó ń rí, ojú onífọ́tò kò bá tirẹ̀ pàdé.

Ṣùgbọ́n Rolleiflex wọ́n. Àwọn ìwé ìròyìn ńlá àti àwọn ọlọ́lá ló ń rà á. Àwọn tó ṣe é pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé àbúrò rẹ̀ tí kò wọ́n tó o, Rolleicord, jáde ní 1933. Wọ́n mú ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí fíìmù kúrò, wọ́n fi kókó lásán sí i, wọ́n fi lẹ́ǹsì tí kò díjú tó ti ẹ̀gbọ́n sí i, iye owó sì já wálẹ̀. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tó sún mọ́ Rolleiflex jù tí kò ní sọ ọ́ di onígbèsè, Rolleicord ni mo máa ń dárúkọ.

Ogun àgbáyé kejì ló wá fọ́n olójú méjì káàkiri. Ilẹ̀ Jámánì wó, wọ́n pín in sí méjì, àwọn ilẹ̀ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní Leningrad mú àwòkọ́ Brillant, kámẹ́rà Voigtländer ti Jámánì, wọ́n fi ike líle ṣe ara rẹ̀, nígbà tó sì yá wọ́n pè é ní Lubitel, èyí tó túmọ̀ sí ẹni tó ń fi ìfẹ́ ṣe nǹkan láìgba owó. Ní Shanghai, àwọn ará Ṣáínà ṣe tiwọn, Seagull. Àmọ́ ilẹ̀ Jàpáánì ni ọ̀rọ̀ ti di ìjà àjàkú akátá. Ebi ń pa ìlú, iṣẹ́ kò sí, olójú méjì sì rọrùn láti tò pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré nítorí kò ní ẹ̀yà ara tó díjú púpọ̀. Nígbà tí Ricoh gbé Ricohflex kẹta jáde lọ́dún 1950 ní owó pọ́ọ́kú, àwọn ènìyàn yà bò ó, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń kó kámẹ́rà àtijọ́ jọ máa ń ṣàwàdà pé orúkọ olójú méjì ti Jàpáánì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́tà A dé Z.

Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ní àgbègbè Nagano ní ìparí ọdún 1949, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́jọ tó ń ṣe ẹ̀yà ara aago oníná. Yashima ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Láti aago ni wọ́n bọ́ sí kámẹ́rà, wọ́n gbé Yashica-Mat jáde ní 1957, wọ́n sì yí orúkọ ilé iṣẹ́ náà sí Yashica. Wọ́n ṣe oríṣiríṣi: A fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, D fún ẹni tó fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 635 tó lè lo fíìmù kékeré àti ńlá, títí dé Mat-124 G tó jáde ní 1970 tí wọn kò sì ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ títí di 1986. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ni wọ́n fi ń tà á, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ti pa olójú méjì tì. Iye tó jáde pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣì wà lọ́jà, tí kò sì tíì di wúrà.

Irú kámẹ́rà wọ̀nyí ni wọ́n gbé iṣẹ́ fọ́tò kúrò ní ìlú ńlá wọ inú àwọn ìlú wa. Nígbà tí Stephen Sprague, onífọ́tò ọmọ Amẹ́ríkà, wá ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní nǹkan bí ọdún 1975, ó bá àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ wa tí wọ́n ní sítúdíò tiwọn, tí wọ́n ní ẹgbẹ́, tí wọ́n ń gba ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe ayẹyẹ ìgbòmìnira fún wọn bíi ti alágbẹ̀dẹ. Olójú méjì onífíìmù 120 sì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìwé tó kọ nípa wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní ọdún 1978, òun ló sì jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun mọ̀ pé Yorùbá ní ìlànà fọ́tò tirẹ̀: kí ènìyàn jókòó gbágbágbá, kí ojú rẹ̀ kọ iwájú, kí aṣọ rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ kúnlẹ̀, kí ọlá rẹ̀ hàn kí ẹ̀rín rẹ̀ tó hàn.

Ìdí tí olójú méjì fi bá iṣẹ́ wọn mu kò ṣòro láti rí. Níbi tí iná mànàmáná kò dé tàbí tó ń ṣe ségesège, kámẹ́rà tí kò nílò iná ni kámẹ́rà. Fíìmù ńlá sì ní àǹfààní mìíràn tí fíìmù kékeré kò ní: èèyàn lè gbé nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ lé bébà tààrà, kó fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kàn án, kí fọ́tò tó tó fún ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀ sì jáde láìsí ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán di ńlá. Fọ́tò káàdì yìí ni ó ń bọ́ ilé onífọ́tò ní ọjọ́ lásán. Ọjọ́ ọdún ni owó ńlá ń wọlé.

Iṣẹ́ kan wà tí Sprague rí tí mi ò lè fò kọjá. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá papò dà, wọ́n á gbẹ́ ère fún un, wọ́n á máa bọ́ ọ, wọ́n á máa wọ̀ ọ́ láṣọ. Nígbà tí Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì pọ̀ láàárín wa, tí àwọn kan kò fẹ́ ère nínú ilé mọ́, fọ́tò gba ipò rẹ̀. Bí ọmọ náà bá lọ kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù níbi tó jókòó sí apá kan, á sì tẹ nẹ́gẹ́tíìfù kan ṣoṣo náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, ìdajì kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìdajì kejì, títí tí ọmọ kan yóò fi jókòó ti ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún yà á. Ìyá wọn á gbé fọ́tò náà kọ́ ògiri, ìbejì á sì pé. Kámẹ́rà olójú méjì tí ẹ ń rí lórí tábìlì àwọn ọlọ́jà àlòkù lónìí, irú iṣẹ́ tó ti ṣe nìyẹn.

Láàárín ìgbà tí Yashica ń tan olójú méjì kálẹ̀, àwọn mìíràn ń kọ́ ilé gíga. Victor Hasselblad ní ilẹ̀ Sweden gbé kámẹ́rà rẹ̀ jáde ní 1948, èyí tí lẹ́ǹsì rẹ̀ àti àpótí fíìmù rẹ̀ ṣe é yọ. Òun ni àwọn arìnrìn-àjò Amẹ́ríkà gbé lọ sórí òṣùpá ní 1969; wọ́n mú fíìmù bọ̀, wọ́n sì fi kámẹ́rà sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹrù lè fúyẹ́. Ohun èlò àlòkù kan ṣoṣo nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè lọ ná. Mamiya ti Jàpáánì gbé RB67 jáde ní 1970, ó tóbi bí àpótí irinṣẹ́, inú sítúdíò ni àyè rẹ̀ wà. Bronica àti Pentax náà wà níbẹ̀.

Ní ọdọ̀ wa, ohun méjì ló kọ́kọ́ lu olójú méjì bolẹ̀. Àkọ́kọ́ ni fíìmù kékeré aláwọ̀ àti àwọn ilé ńlá tó ń fọ fọ́tò ní wákàtí kan, tí wọ́n gbòde láti ọdún 1980 lọ. Onífọ́tò òde tí kò ní yàrá òkùnkùn lè gbé kámẹ́rà kékeré kọ́rùn lọ sí òde ìsìnkú, kó sì mú fọ́tò aláwọ̀ padà wá kí ayẹyẹ tó tán. Èkejì ni owó náírà tó ya lulẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986. Bébà, oògùn ìfọ-fíìmù àti fíìmù fúnra rẹ̀, òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Àsìkò yẹn náà ni ọjà àlòkù gbilẹ̀, tí Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tó padà wálé, di orúkọ mọ́tò, fìríìjì àti ẹ̀rọ lílò gbogbo.

Nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí kámẹ́rà onídíjítà dé, láti nǹkan bí ọdún 2000, àwọn sítúdíò ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da Mamiya àti Hasselblad sí ìta bí ẹni da omi ọṣẹ nù. Ohun tí wọ́n fi owó mọ́tò rà, wọ́n tà á ní owó ẹja. Kodak fúnra rẹ̀ sá wọ abẹ́ òfin ààbò àwọn onígbèsè ní oṣù kìíní ọdún 2012, Hasselblad sì ṣíwọ́ ṣíṣe kámẹ́rà fíìmù rẹ̀ ìlà àtijọ́ ní 2013. Ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn ni àsìkò tí ó yẹ kí ẹni tó gbọ́n ti rà. Ó ti kọjá. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tún gbé fíìmù sókè, owó Hasselblad àti Rolleiflex fò lọ, ohun tí ẹnì kan yóò ná sórí Hasselblad kan tó pé lónìí lè ra Yashica olójú méjì tó ju mẹ́ta lọ.

Kí wá ni kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ṣe? Kó gbàgbé àwọn tí ayé ń pariwo orúkọ wọn, kó sì wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Yashica-D ni mo máa kọ́kọ́ wá. Àwọn tó jáde kẹ́yìn ní lẹ́ǹsì tí wọ́n kọ Yashinon sí, ó dára ju Yashikor ti àkọ́kọ́ lọ. Yashica-A rọrùn sí i, kò lè yá tàbí lọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ilẹ̀ wa, kí ni èèyàn tún ń wá? Mat-124 G ni gbogbo ènìyàn ń sá tẹ̀lé nítorí ó ní ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú, bátìrì oní-mẹ́kúrì tí wọ́n sì ṣe ohun náà fún ti di èèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé ohun ìwọnmọ́lẹ̀ ti kú, ẹ fi ìyẹn ná an wálẹ̀, nítorí fóònù tó wà lápò yín lè wọn ìmọ́lẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lubitel dín lówó, fọ́tò rẹ̀ sì ní ẹwà tirẹ̀, àmọ́ gíláàsì tí èèyàn fi ń wo bóyá àwòrán mọ́lẹ̀ tàbí kò mọ́lẹ̀ kéré bí ẹyọ owó. Minolta Autocord dára púpọ̀, ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń tún ojú rẹ̀ ṣe ló máa ń kán bí epo inú rẹ̀ bá ti dì. Ẹni tó bá rí i tó le, kó má fipá fà á.

Àwọn kámẹ́rà tó ń ká bí ìwé, àwọn Jámánì bí Agfa Isolette àti Zeiss Ikon Nettar, ló dín lówó jù tó sì wọ àpò. Wọ́n ní àrùn méjì. Gírísì aláwọ̀ ewé tí Agfa fi sí ojú lẹ́ǹsì máa ń dì bí àtè, débi pé ojú kámẹ́rà kò ní yí mọ́. Awọ rẹ̀ tó ń fẹ̀ tó ń sún bíi ti dùùrù sì máa ń lu wọ́ọ́rọ́wọ́ níbi igun. Ẹ gbé e wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀: bí ẹ bá rí ìràwọ̀, awọ ti lu.

Tọ́ọ̀ṣì yìí kan náà ni ẹ óò tàn gba inú lẹ́ǹsì olójú méjì. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan, eruku ọyẹ́ pàápàá. Ohun tí ẹ óò máa wá ni okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ta ẹ̀ka bíi ti búrẹ́dì tó bu. Ó ń hù nínú gbogbo kámẹ́rà tí wọ́n bá ti mọ́ inú àpò awọ níbi tó ní ọ̀rinrin, Èkó àti gbogbo etí òkun wa sì ni ilé rẹ̀. Bó bá ti jẹ gíláàsì, kò sí ẹni tó lè nù ún tán. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i sí ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìró tó ń sáré bí aago kékeré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá dúró lágbede méjì, epo inú rẹ̀ ti dì. Ẹni tó ń tún aago ṣe tó lọ́wọ́ tútù lè tún un ṣe, ẹ sì lè fi ìyẹn náà ná an. Ní ti Kiev 88 ti ilẹ̀ Ukraine tó jọ Hasselblad lójú, tó sì dín lówó gidi, àfi ẹni tó bá ní owó méjì.

Owó fíìmù ni owó gan-an. Méjìlá ni yóò ti inú rẹ̀ jáde, gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá sì tẹ̀ ẹ́ ni owó ń lọ. Fíìmù dúdú àti funfun ni mo gbà níyànjú, nítorí èèyàn lè fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ nínú báàfù ilé rẹ̀ lálẹ́, bí àwọn bàbá wa ti ṣe.

Ó ku ibi kan tí ẹni tó ń wá kámẹ́rà lè dé tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ilé onífọ́tò tó ti sinmi, ní Ìlá, ní Ìṣẹ́yìn, ní Abẹ́òkúta, níbikíbi tí pátákó sítúdíò àtijọ́ bá ṣì ń dípẹtà lórí ògiri. Àwọn ọmọ a máa tètè tà kámẹ́rà, nítorí wọ́n gbọ́ pé òyìnbó ń rà á. Ohun tí wọn kò kà sí ni páálí tó wà lábẹ́ ibùsùn, tí nẹ́gẹ́tíìfù kún inú rẹ̀. Wọ́n ń sun ún, tàbí òjò ń rọ̀ sí i. Ní Chicago lọ́dún 2007, wọ́n lu ẹrù obìnrin kan ní gbàǹjo nítorí kò lè san owó ibi tó kó o pamọ́ sí mọ́. Vivian Maier ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ olùtọ́jú ọmọ ló ṣe, Rolleiflex ló sì gbé kọ́rùn láti ọdún 1952. Ó kú ní 2009 láìmọ̀ pé ayé yóò mọ òun. Àwọn tó lọ síbi gbàǹjo yẹn kò ra kámẹ́rà. Páálí nẹ́gẹ́tíìfù ni wọ́n rà, ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún àwòrán nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, onígun mẹ́rin dọ́gba ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá bá àwọn ọmọ onífọ́tò dúnàádúrà kámẹ́rà bàbá wọn, ẹ béèrè páálí náà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó san owó, kí ẹ sì bi ìyá tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ léèrè orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó ṣì rántí.